Mary Kingsley, Obìnrin Tí Ó Gun Òkè Kamẹrúùnù

Ní ọdọọdún, nínú oṣù Kejì, àwọn sárésáré a máa péjọ sí ìlú Buea ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù láti sáré gun òkè tí ó ga jù lọ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Láti pápá ìṣeré ìlú náà ni wọn yóò ti gbéra. Wọn yóò la igbó kìjikìji já, wọn yóò jáde sí pápá koríko, wọn yóò tẹ orí òkúta dúdú tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde láyé àtijọ́, wọn yóò dé ibi tí ó ga ju 4,000 mítà lọ, wọn yóò sì tún sáré sọ̀ kalẹ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà náà ti jìn tó dàbí kí ènìyàn gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó máa lọ sí Ọ̀yọ́, kí ó sì kù díẹ̀ kí ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni tiwa, tiwọn sì ni gíga àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọdún 1973 ni eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin yìí bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí ó bá gba ipò kìn-ín-ní kì í lò tó wákàtí márùn-ún. Láàrin àwọn obìnrin, Sarah Etonge gba ipò kìn-ín-ní lemọ́lemọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ọbabìnrin òkè náà.

Kì í ṣe àwọn sárésáré wọ̀nyí ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa wọn. Ní oṣù Kẹsán-án ọdún 1895, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan eré ìje níbẹ̀, obìnrin kan tí ó wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú balẹ̀ gun òkè náà nínú òjò. Ọjọ́ púpọ̀ ni ó fi gùn ún. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ẹja inú odò ni ó sì wá kó jọ sí Áfíríkà. Mary Henrietta Kingsley ni orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tí ó ti kú tipẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn baba ìjọ ni wọ́n ń retí: Thomas Jefferson Bowen tí ó mú ìhìn rere dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855, tàbí Dókítà George Green tí ó tọ́jú àwọn aláìsàn wa láti ọdún 1907. Ẹ̀yin tí a jọ jókòó nínú kíláàsì mọ ìtàn wọn bí ẹ ti mọ orúkọ ara yín. Nítorí náà mo yan ẹni tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ bá ìwé rẹ̀ pàdé, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín. Mo ka ojú ewé bíi mélòó kan níbi tí ó ti ń bá àwọn míṣọ́nárì wí, inú bí mi, mo sì dá ìwé náà padà sórí pẹpẹ rẹ̀. Ó tó ogún ọdún kí n tó tún ṣí i. Nígbà náà mo ti di baba àwọn ọmọbìnrin, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ yàtọ̀.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1862 ni a bí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà ni baba rẹ̀, George Kingsley. Àbúrò àlùfáà Charles Kingsley ni baba yìí jẹ́, òǹkọ̀wé tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ka ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà yìí kì í jókòó sílé. Òun a máa bá àwọn ọlọ́lá rìnrìn àjò yí ayé ká gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn wọn, ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lókè òkun lọ́hùn-ún, lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni àwọn ará ilé yóò máa rí. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn. Mary, tí ó jẹ́ àkọ́bí, ni ó ń tọ́jú ìyá, tí ó ń dáná, tí ó ń tún ilé ṣe, tí ó sì ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, Charles.

Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ sórí èyí. A rán àbúrò lọ sí Cambridge láti kọ́ ìmọ̀ òfin, owó tí a sì ná lé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó pọ́n-ùn 2,000, èyí tí ó jẹ́ owó ńlá gidi nígbà náà. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí a san owó lé lórí fún Mary ni èdè Jámánì, ìdí rẹ̀ sì ni pé baba rẹ̀ nílò ẹni tí yóò máa túmọ̀ ìwé Jámánì fún un. Òun fúnra rẹ̀ kọ èyí lẹ́yìn ọ̀la, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún. Ó kàn fi ẹ̀fẹ̀ sọ pé òun kò tíì mọ̀ bóyá owó tí a ná lé àbúrò òun so èso.

Ohun tí ó ní ni ìwé baba rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà bá wà lájò, ọmọbìnrin yìí a wọ inú yàrá ìwé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ka ìrìn àjò àwọn ará àtijọ́, ìmọ̀ kẹ́mísírì, ìmọ̀ nípa ẹranko, àti ohun tí a ti kọ nípa àṣà àwọn ènìyàn ilẹ̀ òkèèrè. Ó ń ka ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ti inú rẹ̀ kọ́ bí a ti ń tún ẹ̀rọ omi tí ó ń jò nínú ilé ṣe. Kò sí ẹni tí ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kò sí ìdánwò, kò sí ẹlẹgbẹ́ tí yóò bá jiyàn. Mo ti kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó di olùṣọ́ àgùntàn, mo sì mọ bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó kí ọmọ tí ó ní olùkọ́ pàápàá kàwé bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe wà títí ó fi di ẹni ọdún 29. Ní oṣù Kejì ọdún 1892 baba rẹ̀ sùn, kò jí mọ́. Kí ó tó di òpin oṣù Kẹrin, ìyá rẹ̀ náà kú. Lójijì ni ẹni tí kò ní ìṣẹ́jú kan tirẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ di ẹni tí kò ní ẹni tí yóò gbé oúnjẹ fún. Ó ní owó ogún díẹ̀ lọ́wọ́. Baba rẹ̀ ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ nípa ẹ̀sìn àti òfin àwọn ènìyàn tí ó ń bá pàdé, kò sì parí rẹ̀; ọmọ náà sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò lọ parí rẹ̀. Ó ń wá ẹja pẹ̀lú, nítorí pé ìmọ̀ nípa ẹja odò Áfíríkà kò tíì pọ̀ ní Yúróòpù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé ibojì òyìnbó ni Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì di ẹrù rẹ̀.

Ìrìn àjò àkọ́kọ́ wáyé láti oṣù Kẹjọ ọdún 1893 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1894: Freetown, Luanda, Kóńgò, Calabar. Ìgbà náà ni ó kọ́ bí a ti ń gbé láàrin wa. Nígbà tí ó padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó kó ẹja tí ó ti rì sínú ọtí líle nínú ìgò lọ bá Dókítà Albert Günther, ọ̀gá onímọ̀ nípa ẹranko ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Günther wo ẹja náà, ó wo obìnrin náà, ó sì fún un ní ìgò àti ohun èlò tí ó yẹ fún ìrìn àjò kejì. Láti ọjọ́ náà ó di ẹni tí ilé ìmọ̀ ńlá kan gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1894 ni ó tún wọ ọkọ̀ ní Liverpool. Ọ̀nà tí ó gbà gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ dára létí mi, nítorí ọmọ ìyá oníṣòwò ni mo jẹ́. Kò rìn bí ọlọ́lá tí ọgọ́rùn-ún aláàárù ń tẹ̀ lé. Aṣọ, tábà àti ìwọ̀ ìpẹja ni ó kó dání, ó ń fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ fún rọ́bà àti eyín erin bí ó ti ń lọ láti abúlé dé abúlé. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn a máa fura sí àjèjì tí kò rà tí kò tà, ṣùgbọ́n oníṣòwò kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá jókòó ná ọjà pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò sọ fún ọ ìdí tí wọn kì í fi í jẹ ẹran báyìí, àti ẹni tí ó ni igbó ọ̀hún.

Ó dúró pẹ́ ní Calabar. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ kí Mary Slessor ní Ekenge, ní ilẹ̀ Òkóyọ̀ńgì. Ní àkókò tí ó dé, ìlú náà ń hó yèè: ẹrúbìnrin kan ti bí ìbejì, àṣà wọn sì ni láti pa wọ́n. Àwa tí a ń ṣe àríyá fún Táíwò àti Kẹ́hìndé kò lè mọ bí ìbẹ̀rù náà ti pọ̀ tó lọ́kàn wọn. Slessor sáré lọ gbà wọ́n, ọ̀kan ṣì wà láàyè, ó sì fi í ṣe ọmọ. Mary Kingsley rí gbogbo rẹ̀. Obìnrin méjèèjì kò gba ohun kan náà gbọ́ nípa iṣẹ́ ìhìn rere, síbẹ̀ wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Àlejò náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkókò tí òun lò níbẹ̀ wà lára èyí tí ó dùn jù lọ nínú ayé òun.

Láti Calabar ó lọ sí ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, tí a ń pè ní Gàbọ́ọ̀nù lónìí, ó sì wọ odò Ogowe. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹja ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó kọ́ bí a ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, ó ṣubú sínú omi lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé òun nìkan ń wa ọkọ̀ kiri lórí odò ńlá náà. Nínú ẹrẹ̀ etí odò, ọ̀nì kan fi ẹsẹ̀ iwájú gun ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó fi àjẹ̀ gbá a ní imú, ẹranko náà sì padà sínú omi. Àwọn ọkùnrin ilẹ̀ náà bá a gun ibi tí omi ti ń já lu òkúta, ọkọ̀ ń dojú dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Láti Ogowe ó fẹsẹ̀ la igbó já sí odò Rembwé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin Fang, ẹ̀yà tí gbogbo ènìyàn etíkun ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ kan ó jìn sínú ọ̀fìn tí wọ́n gbẹ́ de ẹran, igi ṣóńṣó ṣóńṣó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ó nípọn, èyí tí àwọn kan ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò yẹ fún igbó, ni kò jẹ́ kí igi náà gún un. Wọ́n fà á jáde, wọ́n ń bá ọ̀nà lọ. Ní òru ọjọ́ mìíràn, nínú ilé tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ sí, òórùn kan kò jẹ́ kí ó sùn. Ó tú àpò tí a so kọ́, ó bá ẹ̀yà ara ènìyàn nínú rẹ̀. Ó fi fìlà rẹ̀ gbà á, ó wò wọ́n dáadáa, ó dá wọn padà, ó so àpò náà bí ó ti wà, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Èmi ìbá ti sá jáde. Ṣùgbọ́n èrò onímọ̀ nìyẹn: ohun tí ó bá wà ni kí a kọ́kọ́ mọ̀, ìbẹ̀rù lè dúró di ọ̀la.

Nígbà tí ó padà délé, ẹja tí ó kó wálé jẹ́ oríṣi 65, ẹran afàyàfà sì jẹ́ 18. Günther fi orúkọ rẹ̀ sọ mẹ́ta nínú àwọn ẹja náà, orúkọ Kingsley sì wà lára wọn títí di òní nínú ìwé ìmọ̀ ẹranko.

N kò gbọ́dọ̀ fi ohun kan pamọ́, nítorí pé ó kan àwa oníwàásù. Ta ni ó gbà á sílé ní gbogbo ìrìn àjò yìí? Nílé àwọn míṣọ́nárì Pùròtẹ́sítáǹtì Faransé ní Lambaréné ni ó ti jẹun tí ó sì ti sùn. Dókítà Robert Nassau, míṣọ́nárì ará Amẹ́ríkà tí ó ti pẹ́ ní etíkun náà, ni ó jókòó kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ohun tí ó mọ̀ nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ó yìn wọ́n lẹ́nìkọ̀ọ̀kan tìfẹ́tìfẹ́. Iṣẹ́ wọn lápapọ̀ ni ó takò. Ó ní wọ́n ka Áfíríkà sí ìkòkò òfìfo tí a ó kàn da omi sí, wọn kò bèèrè ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìwé láìkọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n sì ń tú ilé olórogún ká láì wádìí ibi tí obìnrin tí a lé jáde yóò forí lé. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ kà á, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó mú mi pa ìwé dé. Lẹ́yìn náà mo di olùṣọ́ àgùntàn ìjọ abúlé kan, mo sì rí ìyá arúgbó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn kí ọkùnrin náà lè ṣe ìrìbọmi. Òun ni ó ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. N kò rí èsì fún un.

Nísinsin yìí, òkè náà.

Àwọn ará Bakweri tí ó ni ilẹ̀ náà gbà pé ẹ̀mí ńlá kan ń gbé orí rẹ̀, àwọn ọdẹ wọn sì mọ ọ̀nà rẹ̀ kí òyìnbó kankan tó fojú kàn án. Lára àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ gùn ún ni Alfred Saker, míṣọ́nárì ìjọ Onítẹ̀bọmi tiwa, tí ó bá Richard Burton àti Gustav Mann, onímọ̀ nípa ewéko, gòkè lọ ní ìparí ọdún 1861 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1862. Nígbà tí Mary Kingsley fi dé ibẹ̀, Jámánì ni ó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù. Buea ti lé àwọn Jámánì sẹ́yìn ní ọdún 1891, ìparí ọdún 1894 ni wọ́n tó borí rẹ̀, nítorí náà ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ jà ni ó gbà kọjá.

Kò sí iṣẹ́ tí ó rán an lọ síbẹ̀. Ẹja kò sí lórí òkè. Ó ti rí i láti inú ọkọ̀ nígbà ìrìn àjò àkọ́kọ́, orí rẹ̀ yọ lókè ìkúukùu, ó sì wù ú láti dúró níbẹ̀ kí ó sì wo ilẹ̀ àti òkun láti òkè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sáré eré tí kò ní owó nínú rí yóò yé e.

Láti Victoria ní etí òkun, tí a ń pè ní Limbe lónìí, ni ó ti gbéra nínú òjò. Ọ̀nà tí àwọn Jámánì ń là lọ sí Buea ni ó gbà, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ọ̀gágun Jámánì tí ó wà ní Buea gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ọ̀nà ìhà gúúsù ìlà oòrùn ni ó yàn, èyí tí ó le. Nígbà tí wọ́n ti wọ igbó lọ jìnnà, ó bèèrè omi, ó sì gbọ́ pé kò sí. Ìsun omi ṣọ̀wọ́n gan-an lórí òkè náà nítorí pé òkúta iná ilẹ̀ a máa fa òjò mu bí yanrìn. Ẹni tí ó yẹ kí ó gbé omi kò gbé e. Ó ní láti rán ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ padà sí Buea. Wọ́n dúró, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, òjò sì ń pa wọ́n. Ó fi ẹ̀fẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà a rí i pé ẹ̀rù bà á fún àwọn ọkùnrin rẹ̀. Ọmọ etíkun ni wọ́n. Wọn kò mọ irú òtútù bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti bí wọn, aṣọ ara wọn sì fẹ́lẹ́.

Lókè igbó ni pápá koríko wà, lókè pápá ni òkúta wà. Ìjì ń bọ̀ láti ìhà òkun. Ọjọ́ kan ó gbìyànjú, ojú ọjọ́ dá a padà. Ó tún gbéra. Àwọn ọkùnrin náà ń jọ̀wọ́ ara wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àìsàn ń mú wọn, títí ó fi ku òun nìkan. Kò bá wọn wí. Ó ní kí wọ́n fara pamọ́ sí ìdí òkúta, ó sì dá nìkan kọjú sí apá tí ó kù, ìkúukùu bo ibi gbogbo débi pé kò rí ju ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ níwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé ṣóńṣó òkè Kamẹrúùnù. Ó bá òkìtì òkúta tí àwọn tí ó ṣíwájú tò jọ, àti ìgò òfìfo tí wọ́n mu ọtí inú rẹ̀. Ó wá ohun tí ó tìtorí rẹ̀ wá: kò rí ilẹ̀, kò rí òkun, kò rí Buea, funfun ìkúukùu nìkan ni ó rí. Ó fi òkúta díẹ̀ kún òkìtì náà, ó sì mú káàdì kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọlúwàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń sílẹ̀ nílé ẹni tí wọ́n kí tí wọn kò bá, ó fi í sáàrin òkúta. Ó mọ̀ pé òjò yóò sọ ọ́ di ẹ̀kọ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí òkè. Lẹ́yìn náà ó yára padà sọ́dọ̀ àwọn tí òtútù ń pa.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ọ̀gágun Bower yìnbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́, nítorí pé Aláàfin kò ṣe bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́. Ní òpin oṣù náà gan-an ni Mary Kingsley gúnlẹ̀ sí Liverpool, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti pè é, pé Áfíríkà ní òfin, ó ní ẹ̀sìn tí ó lọ́gbọ́n nínú, àti pé ẹni tí kò bá mọ òfin náà kò yẹ kí ó ṣàkóso rẹ̀. Ìwé rẹ̀ nípa ìrìn àjò náà jáde ní ọdún 1897, ó sì tà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọdún 1897 yẹn kan náà, àlùfáà Samuel Johnson ní Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọnù sọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní ọdún 1901 láìrí i, ọdún 1921 ni ó tó jáde, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ ti tún un kọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Mary Kingsley. Ṣùgbọ́n n kò lè ka ìwé rẹ̀ kí n má ronú nípa èyí tí ó sọnù.

Ní ọdún 1898, nígbà tí ìjọba gbé owó orí ilé lé àwọn ará Sàró, tí Bai Bureh sì dìde ogun, ó dojú kọ ìjọba tirẹ̀. Àlàyé rẹ̀ rọrùn: lójú òfin àwọn ènìyàn náà, ẹni tí ó bá ń sanwó lórí ilé kò ni ilé náà mọ́. Ẹ kò sọ owó orí fún wọn, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti gba ilé wọn. Chamberlain, mínísítà tí ó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ òkèèrè, a máa wá ìmọ̀ràn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kì í sì í gbà á.

Òun náà ṣàṣìṣe, n kò ní bò ó. Ó rò pé ọmọ Áfíríkà àti òyìnbó yàtọ̀ ní ẹ̀dá, ó sì fi òyìnbó sókè. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ó rí, mo ka èyí sí ìfọ́jú. Ó gbèjà àwọn oníṣòwò ọtí líle ju bí ẹni tí ó mọ abúlé wa ti yẹ kí ó ṣe lọ. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé kò fẹ́ kí a ka òun mọ́ àwọn obìnrin tí ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin. Nígbà tí wọ́n ń bèèrè pé kí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin, kò dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tí a tì mọ́lé fún ọdún 30 kò fẹ́ kí a gbọ́ pé òun ń kanlẹ̀kùn.

Bóyá ìgbésí ayé rẹ̀ nílé lè ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tí ó ti gbá ọ̀nì ní imú, nígbàkigbà tí ó bá padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé Charles ni ó ń tọ́jú. Òun ni ó ń se oúnjẹ rẹ̀, òun ni ó ń bá a tún ilé ṣe. Kò lè rìnrìn àjò àyàfi tí àbúrò bá pinnu láti lọ sí ibìkan, àbúrò náà kì í sì í tètè pinnu. Lẹ́yìn ọdún 1895 kò tún fojú kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà mọ́, bí ó tilẹ̀ ń sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ pé ibẹ̀ ni ọkàn òun wà. Lára iṣẹ́ ìkẹyìn tí ó ṣe ni pé ó kó àwọn ìwé tí baba rẹ̀ kọ sílẹ̀ jọ, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí i, ó sì mú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1900.

Ní ọdún náà ó wọ ọkọ̀ lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ó ní èrò láti kó ẹja inú odò Orange fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó sì ti ibẹ̀ gòkè padà sí etíkun tiwa. Ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Boer ń lọ lọ́wọ́. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì, wọ́n sì rán an lọ sí Simon's Town, níbi tí a ti sọ ilé àwọn ṣọ́jà kan di ilé ìwòsàn fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun Boer. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń pa wọ́n. Nọ́ọ̀sì kò tó, ibùsùn kò tó, ikú ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe lẹ́bàá ibùsùn ìyá rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé ni ó tún padà sí, fún àwọn ọkùnrin tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ń pè ní ọ̀tá. Ó tó oṣù méjì tí ó fi ṣe é kí ibà náà tó mú òun náà.

Nígbà tí ó mọ̀ pé ikú dé, ó ní kí àwọn tí ó yí ibùsùn ká jáde, kí wọ́n jẹ́ kí òun nìkan dá kú, bí ẹranko ti máa ń ṣe. Wọ́n jáde, wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1900. Ẹni ọdún 37 ni.

Ó ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sin òun sínú òkun. Àwọn ṣọ́jà gbé pósí rẹ̀ gba ojú pópó lọ sí èbúté, ọkọ̀ ogun kan gbé e jáde sí ojú agbami, wọ́n ṣe ìsìn, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi. Pósí náà kò rì. Ó léfòó, ìgbì ń gbé e kiri, gbogbo àwọn tí ó wà lórí ọkọ̀ dúró ń wò ó, títí wọ́n fi rán ènìyàn sínú ọkọ̀ kékeré láti lọ so ìdákọ̀ró mọ́ ọn.